Eérú, Ọṣẹ Dúdú àti Ewé Ìpín: Bí A Ṣe Ń Tún Ilé Ṣe ní Akparé

Akparé jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú Ifẹ̀ tó wà ní àgbègbè Atakpamé, ní préfecture Ogou, ẹkùn Plateaux, ní orílẹ̀-èdè Tógò. Àwọn Ifẹ̀ yìí, tí àwọn aládùúgbò wọn àti ìwé ìjọba tún máa ń pè ní Ana, gbà pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá àwọn ti ṣí wá, èdè tó bá Yorùbá tan ni wọ́n sì ń sọ. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ohun tí àwọn ìyá wa fi ń gbá ilé, tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò, tí wọ́n sì fi ń pa ilẹ̀ kí ọṣẹ ìyẹ̀fun àti omi Javel tó gba ọjà. A lo orúkọ tí Yorùbá àjùmọ̀lò ń pe nǹkan kí àwọn ará Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ lè kà á láìsí wàhálà. Ohùn tiwa ní Akparé yàtọ̀ díẹ̀.

Láàárín àwọn ìbéèrè tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Lomé àti ní ilẹ̀ Faransé máa ń fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé, ọ̀kan wà tí kì í tán: kí ni èèyàn lè fi tún ilé ṣe tí kò ní ba omi àti ilẹ̀ jẹ́? Ìdáhùn tó rọrùn ni pé kí wọ́n ṣe bí ìyá àgbà ti ń ṣe. Èmi náà ti fún àwọn èèyàn ní ìdáhùn yẹn rí. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé kò tó. Ìyá àgbà ní òṣùwọ̀n, ó sì mọ èyí tí a kì í pò mọ́ èyí. Ẹni tó bá mú ohun èlò rẹ̀ láìmú òṣùwọ̀n rẹ̀ lè ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ìgbálẹ̀

Igi tín-ín-rín tó wà láàárín ewé ọ̀pẹ ni a fi ń ṣe ìgbálẹ̀, tí àwọn àgbà tún ń pè ní ọwọ̀. A ó fi ọ̀bẹ ha ewé kúrò lára rẹ̀, a ó sá a sí oòrùn, a ó sì dì í ní ìdì kan. Ìgbálẹ̀ tuntun gùn, ó sì le, ti àgbàlá ni. Nígbà tí ó bá ti jẹ díẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ti rọ̀, yóò wọ yàrá. Nígbà tí ó bá kúrú tán, a ó fi dáná. Kò sí ohun tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ tí a ó dà nù.

Kí a tó gbá yàrá onílẹ̀ amọ̀, a máa ń fi ọwọ́ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà gbéra. Wọ́n ní a kì í gbálẹ̀ lóru, pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń gbá ọlà rẹ̀ sóde. Ẹni tó bá ti fi àtùpà elépo gbé ilé yóò mọ ìdí rẹ̀: òrùka, owó ẹyọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó bá já sílẹ̀ yóò bá pàǹtí lọ láìsí ẹni tó rí i. (Èèwọ̀ pé a kì í fi ìgbálẹ̀ na ọkùnrin kò kan ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó, nítorí náà mo fi í sílẹ̀.)

Ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ bò mọ́lẹ̀. Gbígbá tí à ń gbá àgbàlá láràárọ̀ máa ń ha ojú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, òjò á sì kó ìyókù. Ẹ wo ìdí àwọn ilé amọ̀ àtijọ́ dáadáa: ní ibi púpọ̀, ìpìlẹ̀ ti yọ síta. Ewé àti pàǹtí ni kí ìgbálẹ̀ kó, kí ó fi erùpẹ̀ sílẹ̀.

Eérú

Eérú igi tí a fi dáná oúnjẹ ni a ń sọ. Kò gbọdọ̀ jẹ́ ti pákó tí wọ́n ti kùn ní ọ̀dà, kò sì gbọdọ̀ ní ọ̀rá tàbí ike tí wọ́n sun pọ̀ mọ́ igi. Nígbà tí iná bá ti kú pátápátá ni a ó kó o, a ó fi asẹ́ jọ̀ ọ́ kí èédú àti òkúta kúrò nínú rẹ̀, a ó sì dà á sínú ìkòkò gbígbẹ tó ní ìdérí. Bí òjò bá pa á, omi á ti gbé agbára rẹ̀ lọ.

Ọ̀rá ni ọ̀tá rẹ̀. Àwo tí a fi jẹ ọbẹ̀ ẹ̀pà, tí omi lásán kò ràn, a ó bu eérú díẹ̀ sí i, a ó ta omi sí i, a ó fi kànrìnkànrìn yí i. Pọ́táṣì tó wà nínú eérú máa ń bá ọ̀rá jà, á sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ọṣẹ lójú kan náà, ìyókù á sì lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun eérú, á bá a lọ. Orúkọ pọ́táṣì fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn rẹ̀: láti inú èdè àwọn ará Netherlands ni ó ti wá, eérú inú ìkòkò ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1807, nígbà tí Humphry Davy ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ irin tuntun kan jáde láti inú pọ́táṣì, potassium ni ó sọ ọ́.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé àwọn ojú ewé Faransé tó ń kọ́ni ní ìtọ́jú ilé láìba ayé jẹ́ ń fi lessive à la cendre hàn bí ohun tuntun. Omi eérú náà ni. Àwọn ìyá àgbà tiwọn náà fi fọ aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbàgbé rẹ̀, tí àwọn ọmọ wọn sì tún wá ń kọ́ ọ.

Nínú ṣáláńgá, ẹ̀kúnwọ́ eérú kan lẹ́yìn ìlò máa ń dín òórùn àti eṣinṣin kù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi omi eérú tó le fọ ìkòkò alumíníọ̀mù, nítorí ó máa ń jẹ irin náà. Ọṣẹ ni kí ẹ lò fún un. Ní ti fífi eérú fọwọ́, ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ Cochrane yẹ gbogbo ìwádìí tó wà lórí rẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n rí kò tó láti sọ pé ó ń dènà àrùn tàbí pé kò dènà. Níbi tí ọṣẹ bá wà, ọṣẹ ni kí a fi fọwọ́.

Ọṣẹ dúdú

Ohun méjì péré ni ó wà nínú ọṣẹ dúdú: omi eérú àti òróró. Ìyókù jẹ́ iná, sùúrù àti ojú tó mọ̀ ọ́n wò.

Àwọn ọlọ́ṣẹ á kọ́kọ́ sá èèpo kòkó títí yóò fi gbẹ táútáú, wọn á sun ún di eérú. Wọn á tẹ́ ewé tàbí koríko gbígbẹ sí ìdí ajere, ìyẹn ìkòkò oníhò, wọn á kó eérú lé e, wọn á sì máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tó ń kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ á pọ́n bíi tíì. Èyí tó kọ́kọ́ kán ló le jù. Bí a bá tún da omi sí eérú kan náà, ti ẹ̀ẹ̀kejì kì í lágbára tó bẹ́ẹ̀. Wọn á gbé omi yìí kaná títí yóò fi fà, wọn á wá pò ó mọ́ àdín tàbí epo pupa gbígbóná, wọn á sì máa fi orógùn rò ó fún wákàtí púpọ̀. Yóò hó, yóò wú, yóò ki, àwọ̀ rẹ̀ á sì dúdú. Àdín tí a fi ẹkùrọ́ yíyan ṣe ti dúdú fúnra rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì kún àwọ̀ ọṣẹ. Nígbà tí ó bá tutù, yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ tó dì. Kò lè le bí ọṣẹ ọjà, nítorí pọ́táṣì ń ṣe ọṣẹ rírọ̀, sódà ló ń ṣe ọṣẹ líle. Savon noir tí wọ́n ń tà ní ilẹ̀ Faransé fún fífọ ilẹ̀ ilé, ọṣẹ pọ́táṣì ni òun náà. Òróró rẹ̀ ló yàtọ̀ sí tiwa.

Èèpo kòkó kò wọ́n wa, nítorí àwọn oko kòkó Litimé, ní ìhà Badou, kò jìnnà sí Atakpamé. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn olùwádìí ṣọ́ra níbí. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń kọ ọ́ pé láti ayébáyé ni àwọn ìyá wa ti ń fi èèpo kòkó ṣe ọṣẹ. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni igi kòkó ti wá, ọdún 1879 sì ni ìtàn Gánà sọ pé Tetteh Quarshie mú èso rẹ̀ bọ̀ láti erékùṣù Fernando Po. Ọṣẹ náà ló ti pẹ́. Eérú ìdì ẹyìn tí a ti yọ ẹyìn kúrò lára rẹ̀, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi ìdáná ni wọ́n ń lò ṣáájú. Nígbà tí kòkó dé, àwọn ọlọ́ṣẹ rí i pé pọ́táṣì pọ̀ nínú èèpo rẹ̀, wọ́n sì gbà á wọlé. Lójú tèmi, èyí buyì kún wọn ju ìtàn ayébáyé lọ.

Ní Gánà, alata samina ni wọ́n ń pe ọṣẹ dúdú. Alata ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn àjèjì tó ti ìhà ìlà-oòrùn wá, pàápàá àwọn Yorùbá. Wọ́n gbà pé láti ara orúkọ ìlú Allada ní Bẹ̀nẹ̀ ni ó ti jáde. Bí àwọn ará ibẹ̀ bá ń pe ọṣẹ kan ní ọṣẹ àwọn Alata, ẹ̀rí kan nìyẹn nípa ẹni tó ń gbé e wá sí ọjà wọn.

Ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1884 ni àwọn ará Jámánì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn wọn ní Togoville. Ní ọdún yẹn kan náà ni William Lever forúkọ Sunlight sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Epo pupa àti ẹkùrọ́ etíkun wa wà lára ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ọṣẹ Yúróòpù ń wá kiri nígbà náà. Epo ń lọ, ọṣẹ líle ń bọ̀.

Sódà

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń ṣe ọṣẹ lónìí kò sun èèpo mọ́. Sódà ni wọ́n ń rà, tí wọ́n ń pè ní soude. Ó yá, kò ní èéfín, ọṣẹ rẹ̀ sì le. Mi ò bá wọn jà: savon de Marseille tí gbogbo ayé ń yìn, sódà ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí òṣùwọ̀n bá pé, sódà á parẹ́ sínú òróró, ọṣẹ tó gbẹ kò sì léwu.

Ibi tí ewu wà ni ìgò. Omi sódà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, inú ìgò omi tàbí ìgò ohun mímu dídùn ni wọ́n sì máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ọmọ kékeré á gbé e mu. Àwọn dókítà ní Tógò, ní Bẹ̀nẹ̀ àti káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ ọ̀ràn yìí dunjú: ọ̀nà ọ̀fun ọmọ á jóná, bí ó bá sì san, àpá rẹ̀ á dí i tó fi jẹ́ pé oúnjẹ kò ní kọjá. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ṣe mú kí ọmọ náà bì, nítorí ohun tó jó o nígbà tó ń wọlé yóò tún jó o nígbà tó ń jáde. Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ sáré mú nílé wa. Ẹ fi omi ṣan ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Omi eérú tó le náà kò ṣeé fojú di. Ìyá àgbà máa ń gbé e sí orí àjà.

Àwọn àgbà máa ń fi ìka méjì pa omi eérú láti mọ̀ bóyá ó ti tó. Bí ó bá ń yọ̀, ó ti dára. Yíyọ̀ yẹn, ọ̀rá ara èèyàn ni ó ń di ọṣẹ, ìdí nìyí tí awọ ìka wọn fi máa ń bó. Ẹyin adìyẹ dára jù fún ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́: nínú omi eérú tó lágbára, ẹyin tútù á léfòó, nínú èyí tí kò lágbára, á rì.

Ewé ìpín àti kànrìnkànrìn

Ìpín, tí àwọn mìíràn ń pè ní èèpín, ni igi tí àwọn onímọ̀ ewéko mọ̀ sí Ficus exasperata. Bí a bá fọwọ́ ra ewé rẹ̀, ńṣe ló dà bí ahọ́n ológbò. Òun ni a fi ń fọ igbá, ṣíbí igi, orí tábìlì àti ìdí ìkòkò tí iná ti dì mọ́. Àwọn agbẹ́gilére náà máa ń fi dán igi. Ewé tútù mẹ́ta tó fún igbá kan. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ jù ú sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Kànrìnkànrìn, ti okùn igi ni, tàbí ti èso kan tó ń fà lára ọgbà, tí a bá bó èèpo rẹ̀ tí ó bá gbẹ, tí a sì gbọn èso inú rẹ̀ dànù. Ti ike tó gba ọjà lónìí máa ń já wẹ́wẹ́ sínú omi ìfọbọ́, kì í sì í jẹrà.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti Javel

Ọsàn wẹ́wẹ́ dára fún idẹ àti bàbà tó ti pàwọ̀ dà, fún ọbẹ tó ń rùn bí ẹja, àti fún ohun funfun tí omi kànga máa ń fi sílẹ̀ nínú ìkòkò. Kíkan rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Javel ní tirẹ̀ jẹ́ orúkọ abúlé kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris nígbà náà, tó ti di apá kan ìlú náà báyìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe omi ìsọ-aṣọ-di-funfun yìí ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, láti inú iṣẹ́ Claude Louis Berthollet. Ó ń pa kòkòrò àrùn ní tòótọ́, mi ò sì ní sọ pé kí ẹni tí onígbá-méjì wọ àdúgbò rẹ̀ má lò ó.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Lomé, èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fẹ́ fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. A da Javel sí i. Mo wá rántí pé ìyá àgbà máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ nǹkan, mo fún mẹ́rin lé e lórí kí ó lè mọ́ sí i. Kò pẹ́ tí ojú wa bẹ̀rẹ̀ sí í ta, ọ̀fun wa há, a sì sáré jáde pẹ̀lú ikọ́ tí kò dáwọ́ dúró títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi kíkan ọsàn tú gáàsì klórìnì sílẹ̀ láti inú Javel. Gáàsì yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí ojú ogun ní Ypres ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Ìyá àgbà kò ṣàṣìṣe. Kò ní Javel nílé ni.

Nítorí náà: Javel àti ọsàn, rárá. Javel àti vinaigre, rárá. Javel níbi tí ìtọ̀ ti dúró pẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi omi púpọ̀ ṣan ibẹ̀. Pípo vinaigre mọ́ bicarbonate, tí àwọn ojú ewé Faransé fẹ́ràn, kò léwu, ó sì máa ń hó dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń pa agbára èkejì ni. Bákan náà ni eérú àti ọsàn. Ẹ lo ọ̀kan, ẹ ṣan án, kí ẹ tó lo èkejì.

Pípa ilẹ̀

Ilé amọ̀ ti dínkù ní Akparé, nítorí náà ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo ní fún èyí. Wọn á fi igi pẹlẹbẹ lu ilẹ̀ nígbà tó ṣì tutù, wọn á fi amọ̀ àti ẹlẹ́bọ́tọ tí a pò mọ́ omi pa á. Koríko tó wà nínú ìgbẹ́ màlúù ló ń di amọ̀ mú kí ó má baà sán. Bí ó bá ti gbẹ, òórùn rẹ̀ á lọ. Ní àríwá Tógò, àwọn Batammariba máa ń fi omi èèpo èso igi ìrù sí ara ilé wọn kí òjò má baà wọlé. Ilẹ̀ wọn, Koutammakou, ti wà lórí àkójọ UNESCO láti ọdún 2004. Ẹni tó bá ṣì ń pa ilẹ̀ báyìí, kí ó má ṣe gbé ọmọ tuntun tí ìwọ́ rẹ̀ kò tíì já sórí rẹ̀, nítorí kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹran.

Ibi tí omi àti pàǹtí ń lọ

Àwọn àgbà ní ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, ewé, eérú, èèpo iṣu àti ìgbálẹ̀ tó gbó ni ilẹ̀ tí à ń gbá. Gbogbo rẹ̀ á jẹrà, tòmátì àti elégédé á hù lórí rẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Ààtàn òde òní kún fún ọ̀rá omi mímu, a sì ń dáná sun ún. Eérú ibẹ̀ kò ṣeé fi fọ àwo, kò ṣeé fi ṣe ọṣẹ, kò sì yẹ kí ó kan oko.

Bákan náà, pé ọṣẹ dúdú ti inú eérú wá kò ní kí a dà á sódò. Omi rẹ̀ le fún ẹja. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa fi ya ibi ìpọnmi sọ́tọ̀ sí ibi ìfọṣọ, tí ibi ìfọṣọ sì máa ń wà ní ìsàlẹ̀ odò. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó yẹ kí omi ìfọbọ́ lọ, bóyá ọṣẹ dúdú ni a lò tàbí ọṣẹ ìyẹ̀fun.

Nínú àwọn tí a mọ̀ ní àdúgbò wa tí wọ́n ṣì ń sun èèpo kòkó fún ọṣẹ, ìyá àgbà kan ṣèlérí pé òun yóò jẹ́ kí a wọn eérú, omi àti àdín rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, ohun tí kò tíì ṣe rí, nítorí ojú ló fi ń wọ̀n ọ́n, ojú náà kò sì ríran dáadáa mọ́. Ó ní kí a wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí èèpo bá gbẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá ní òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù, kí ó jọ̀wọ́ yá wa kí oṣù kejìlá tó dé.